Ọ̀nì Tí Wọ́n Bọ́ Létí Èbúté

Ọ̀nì kan gun orí pákó èbúté wá, ó sì já ìró gbà nídìí ìyàwó atukọ̀, nítorí pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ pé ibẹ̀ ni oúnjẹ wà.

Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Àwọn tó fẹ́ wo ẹranko inú odò ló ń fi ọkọ̀ gbé, orí omi ló sì hu ewú sí. Rọra-Rọra ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bí ọkọ̀ bá kù díẹ̀ kó dé ibi tí àwọn ọ̀nì ti ń yá oòrùn, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò mú àjẹ̀. Kì í fi ọkọ̀ dí ojú ibi tí wọ́n ń gbà wọ omi. Kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá pariwo, yóò kàn wò ó, onítọ̀hún á sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, àlejò kan yọ búrẹ́dì nínú báàgì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta lẹ fẹ́ fún ní búrẹ́dì yẹn?"

"Ọ̀nì yẹn ni, bàbá. Ó ń wò mí."

"Èmi náà ń wò yín, ẹ ò sì fún mi."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Rọra-Rọra náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò gbé ojú kúrò lára búrẹ́dì.

"Mà, bó ṣe ń sá fún wa yìí ló dára. Ọjọ́ tó bá ti mọ̀ pé oúnjẹ ń ti inú ọkọ̀ bọ̀, yóò máa tọ ọkọ̀ wá. Ẹranko tó ń tọ èèyàn wá kì í pẹ́ láyé. Ẹ jẹ búrẹ́dì yín."

Obìnrin náà jẹ ẹ́, ó sì bu díẹ̀ fún un.

Gbogbo èyí ni Rọra-Rọra mọ̀ lórí omi. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni kò wò.

Bí àwọn àlejò bá ti dé láti orí omi, ìyàwó rẹ̀ ló ń se oúnjẹ fún wọn. Orí pákó èbúté ló ti ń pa ẹja. Ó ń ha ìpẹ́, ó ń yọ ìfun, ó ń ju ìfun sómi. Bó bá ṣe tán, á fi ọ̀bẹ lu etí abọ́ kí ìpẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lè já bọ́.

Ọ̀nì kékeré kan gbọ́ ìró abọ́ yìí, ó wá. Kò gùn ju apá èèyàn lọ nígbà náà. Ó wá lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú. Obìnrin náà sọ ọ́ ní Sìsí, nítorí pé kì í wá tààrà. Á kọ́kọ́ dúró sínú koríko, á máa ṣe bíi pé kò rí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ ilé ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Inú ìyá dùn pé òun rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nídìí ẹja.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn?" Rọra-Rọra bi í láti ibi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe.

"Orogún mi ni. Ó ní kí n kí ọ."

"Kí i fún mi. Sọ fún un pé ìwọ nìkan ti pọ̀ jù fún mi."

Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn ṣeré nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sì dìde wò.

Sìsí jẹun, ó dàgbà, ó ki.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ìyá lu abọ́ kó tó ju ìfun. Ó ti yíjú padà láti mú garawa nígbà tí nǹkan mú un ní ìró látẹ̀yìn. Ó ṣubú, ó tú ìró sílẹ̀, ó sì fi yẹ̀rì sáré wọlé.

"Sìsí mú ìró mi lọ," ó sọ fún ọkọ rẹ̀. "Tuntun ni o."

Rọra-Rọra wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo apá rẹ̀, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tó rí i pé ara rẹ̀ pé ló tó jókòó.

"Ta ni Sìsí?"

Ó sọ ọ́ fún un.

"Ìfun ẹja ni," ni ìyá wí. "Ṣé kí n sè é ni? Ìwọ lò ń kó àwọn èèyàn lọ wo ọ̀nì. Èmi náà fẹ́ràn wọn."

"Mo mọ̀, ìyá àwọn ọmọ. Sìsí ò bínú sí ọ. Oúnjẹ ló wá gbà. Lójú rẹ̀ báyìí, ẹni tó bá dúró létí omi, oúnjẹ ló gbé dání. Alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ṣé ó mọ̀ pé oúnjẹ lòun gbé dání?"

Ìyá yíjú wo ìsàlẹ̀ odò.

Rọra-Rọra mú fóònù, ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹranko.

"O lọ fẹjọ́ Sìsí sùn?"

"Àwa ni mo fẹjọ́ wa sùn."

Ọ̀dọ́bìnrin ni ẹ̀ṣọ́ náà. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó wo pákó, ó wo omi.

"Ẹ má ju ìfun sómi mọ́, màámi. Inú ilé ni kẹ́ ẹ ti máa pa ẹja. Ẹ gbẹ́lẹ̀ bo ìfun, kó jìnnà sómi. Bóyá á gbàgbé."

"Tí kò bá gbàgbé ńkọ́?"

"A máa ní láti gbé e kúrò, mà. A ò lè fi í sílẹ̀ láàárín èèyàn."

Ìyá ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Kò tilẹ̀ dé etí omi mọ́, kí Sìsí má bàa gbóòórùn rẹ̀. Àmọ́ ebi ò mọ̀ pé wọ́n ti ṣòfin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Sìsí gun orí òkúta tí alágbàfọ̀ ti ń fọṣọ. Alágbàfọ̀ ju aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ó sá.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé àwọ̀n wá. Wọ́n wá Sìsí títí, wọn ò rí i. Ọ̀dọ́bìnrin náà wá sí ilé ìdáná, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Ìyá ti mọ ohun tó wá bẹ̀. Ó mú abọ́, ó mú ọ̀bẹ. Rọra-Rọra bá a lọ, ó di apá rẹ̀ kejì mú.

Ó lu abọ́. Sìsí yọrí nínú koríko. Kò tilẹ̀ dúró ṣe bíi pé kò rí wọn lọ́jọ́ náà. Tààrà ló wá, àwọn ẹ̀ṣọ́ sì da àwọ̀n bò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ẹranko, ẹ gbọ́ o. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wò wọ́n lórí omi, atukọ̀ tó mọ ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ bá lọ, kẹ́ ẹ sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bó bá ní ó tó, ó tó. Ẹ má ní kó sún mọ́ wọn nítorí fọ́tò. Ẹ má ju ohunkóhun sí wọn, ì báà ṣe èérún búrẹ́dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé létí omi, ẹ má da ìfun ẹja àti àjẹkù síbẹ̀. Bí ẹranko bá sì ti ń tọ èèyàn wá, ẹ tètè pe àwọn ẹ̀ṣọ́ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ fi ẹnu pe ẹranko ní ọmọ yín bó bá wù yín, àmọ́ ẹ má fi ọwọ́ bọ́ ọ.

Ibi tí kò sí èèyàn ni wọ́n ń gbé Sìsí lọ. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn, oòrùn sì mú. Wọ́n ń da omi sí i lára bí wọ́n ṣe ń lọ. Lálẹ́, Rọra-Rọra pe ẹ̀ṣọ́ lórí fóònù, ìyá sì bi í bóyá wọ́n ti dé. Rọra-Rọra kì í parọ́ fún un.

"Wọ́n dé," ó ní. "Òun ni kò dé láàyè."