Ọ̀wẹ̀ Tí Àlàájì Onúr Pè

"Ẹ gbé ṣọ́bìrì! Ẹ gbé àpò! Odò ti ń gbẹ́ ìdí odi o! Ẹ jáde, ọ̀wẹ̀ ni o, ẹ̀yin ará mi!"

Ohùn Àlàájì Onúr ló ń ké bẹ́ẹ̀ lórí gbohùngbohùn mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ní ìlú Kásálà wa níbí, bí wọ́n bá pe ọ̀wẹ̀ lásìkò òjò, a kì í béèrè ìdí. Odò Gáàṣì á gbẹ títí àwọn ọmọ á fi máa gbá bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, tó bá sì di ọjọ́ kan, á fi ìbínú dé. Odi yẹ̀pẹ̀ tó wà létí rẹ̀ nìkan ló dáàbò bo ilé alámọ̀ wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ńṣe ni àwọn ará àdúgbò ń wo ojú ara wọn. Onúr kẹ̀? Ará ìjọba àná yẹn?

Òṣèlú ti bà wá jẹ́. A jà lórí epo, lórí búrẹ́dì, lórí owó ọkọ̀, lórí iná tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn kan wà lẹ́yìn ìjọba àná, àwọn kan wà lẹ́yìn ìyípadà, gbogbo wọn sì pàdé nínú gúrúùpù kan lórí fóònù tó ń jẹ́ "Àwa Ará Ìpínlẹ̀ Kásálà," níbi tí wọ́n ti ń bú ara wọn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ń fi orúkọ òkè tó wà létí ìlú wa pe ara rẹ̀ ní Ọmọ Òkè Tàká. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ta ló mọ̀ pé ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún ni, Ráúdà, ọmọ Àdárọ́bù alálùbọ́sà, tó yẹ kó máa kàwé ìdánwò rẹ̀?

Òun àti Tàísírì ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó lágbàlá nígbà tí ìpè náà dún. Etí odò ni wọ́n gbà dé láti ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti fojú ara wọn rí i pé omi ń yọ lábẹ́ odi.

"Ó yá, kọ nǹkan sí i," Tàísírì ní. "Ìwọ ni wọ́n ń retí."

"Àbí o ò rí ibẹ̀ ni? Odi yẹn ti ń rọ̀."

"Ta ló bi ẹ́ léèrè odi? Onúr ni mo ń sọ! Tí o bá dákẹ́ lónìí, wọ́n á ní ó ti fún ẹ ní nǹkan jẹ."

Ráúdà ronú díẹ̀. Ó sì kọ ọ́ pé: "Ọ̀wẹ̀ kọ́ o, fọ́tò ni. Ẹ jókòó sílé yín jàre."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ Onúr pe ọ̀wẹ̀, a gbé ṣọ́bìrì dé ibẹ̀, la bá bá ọ̀gá òṣèlú kan pẹ̀lú àwọn ayàwòrán. Ó bu yẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sápò, wọ́n yà á, ó wọ mọ́tò lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Kíá ni àmì ọkàn pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò sábẹ́ ọ̀rọ̀ Ráúdà.

Bàbá rẹ̀ ti ká ṣòkòtò, ó ti gbé ṣọ́bìrì lé èjìká. Fóònù rẹ̀ dún. Ó kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ Òkè Tàká yìí! Ẹni tó bí i ò ní í sunkún ọmọ láéláé! Díẹ̀ ló kù kí n lọ di ère fọ́tò fún Onúr." Ó sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Ráúdà, bá wa se kọfí."

Díẹ̀ ló kù kí Ráúdà jẹ́wọ́. Kó ṣáà ti ní, "Bàbá, èmi ni, irọ́ ni mo pa, odi ń ya," ó tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti fìdí rẹmi nínú ìṣirò, bàbá rẹ̀ ò tíì yìn ín báyìí rí. Ìyìn náà dùn mọ́ ọn. Ó dìde, ó lọ yan kọfí. Ó tún gún atalẹ̀ sí i, bí bàbá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn rẹ̀!

A ò ju ènìyàn mẹ́fà lọ tí a jẹ́ ìpè náà. Àlàájì ò sọ òṣèlú kankan. "Wọ́n ń bọ̀," ló ń sọ fún wa bó ṣe ń kó yẹ̀pẹ̀ sápò. "Ẹ ṣáà máa kó o. Wọ́n ń bọ̀." Ó ń wo ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ tó dúró lé ya lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọjọ́ kejì la rí òkú rẹ̀ láàárín oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò.

Omi wọ àdúgbò. Ilé àwọn Tàísírì wó pátá, wọ́n sì kó lọ bá àwọn ẹbí wọn ní ìlú Gẹdáríìfù. Àlùbọ́sà Àdárọ́bù rà mọ́lẹ̀.

Lórí gúrúùpù, wọ́n ń fi òkú jà.

"Ìjọba yín ló pa á!"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé lẹ pa á!"

"Ọmọ Òkè Tàká, dá wọn lóhùn fún wa!"

Ráúdà sunkún, ó kọ ọ́ pé: "Mo purọ́. Mo ti rí odi tó ń ya kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ni Àlàájì sọ."

Ẹ gbọ́ èsì tí wọ́n fún un: "Èló ni wọ́n fún ẹ?" "Wọ́n ti rà á!" Irọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà láìbéèrè, òótọ́ rẹ̀ ni wọ́n torí ẹ̀ lé e kúrò nínú gúrúùpù.

Ó wá lọ jẹ́wọ́ fún bàbá rẹ̀. Àdárọ́bù ò nà án.

"O sì ń wò mí nígbà tí mo ń yìn ẹ́," ló kàn sọ. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ opó Àlàájì, Hájà Sìtánà, ó ní kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ráúdà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"Ọmọ mi wà níbi odi lọ́jọ́ náà," ìyá náà ní. "Ó ní bàbá òun ń sọ títí pé wọ́n ń bọ̀. Tí mo bá dé sàréè rẹ̀, kí ni kí n wí fún un? Ṣé kí n ní kọfí ni wọ́n ń mu?"

Àdárọ́bù fi ọwọ́ bo ojú.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," Ráúdà wí.

"Mi ò ní gbé ẹ ṣépè. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lè dárí jì ẹ́. Dìde, máa lọ sílé."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ní ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Àwa náà rí òdù ọ̀yà lọ́wọ́ Onúr, a pè é ní eku ẹdá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kí ẹ tó wo ẹni tó sọ ọ́. Ẹ má sì torí ìyìn gbé òótọ́ tí ojú yín rí mì, torí ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sọ ọ́, ẹni tí òótọ́ náà ì bá gbà là á ti kú.