Ẹni Tó Gbé Ìpè Kẹrin

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá yìnyín ni wọ́n ti bá òkú Nùréènì lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní ilé ẹja kan l'Ágége. Ó jókòó, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀, ìka rẹ̀ ti dì mọ́ bọ́tìnì pupa ara ògiri.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti wà lọ́wọ́ Suara, ọlọ́dẹ ibẹ̀, kí Ìńsípẹ́kítọ̀ Ìbídùn tó dé.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn?"

"Èmi ni, laago mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n sílípáàsì rẹ̀ kò sí níta. Ẹni tó bá wọlé á bọ́ sílípáàsì sẹ́nu ọ̀nà, á wọ bàtà rọ́bà. Bí mo bá ti rí i, n kì í tì í."

"Ẹ̀wọ̀n lẹ máa kú sí, Bàbá," ni sájẹ́ǹtì tó dè é wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìbídùn kò rẹ́rìn-ín. "Ta ló tún wá láàárọ̀?"

"Màdáámù nìkan. Wọ́n wá mú sùtánà wọn kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

Ìbídùn wọ ọ́fíìsì Màdáámù. Ó gbé àpò kan lábẹ́ tábìlì. Sílípáàsì Nùréènì ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Job, ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tí bọ́tìnì pupa náà wà lára rẹ̀, láti Ìkẹjà.

"Síìmù ló wà nínú ẹ̀," ni Job wí. "Tí yìnyín bá ń yọ́, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Tí èèyàn bá há sínú, tó tẹ bọ́tìnì, á pe Màdáámù, wọ́n á sì gbọ́ ohùn onítọ̀hún. Tí fóònù wọn bá wà ní pípa, á pè mí. Tó bá ń dún tí wọn ò gbé e, á máa pè wọ́n lọ ni. Tí wọ́n bá gbé e, ó parí. Kò ní pe ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tí a bá ṣílẹ̀kùn."

"Ṣé ó pè ọ́?"

"Rárá." Ó ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ pamọ́. Ó pe nọ́ńbà Màdáámù nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́.

Màdáámù Ìbísọ́lá, opó ẹni tó ni ilé ẹja náà, jókòó nínú sùtánà funfun.

"Ó mà ṣe o. Láti aago mẹ́jọ ni mo ti pa fóònù mi. A kì í tan fóònù nílé Ọlọ́run."

"Bó bá wà ní pípa, Job ni ì bá pè. Bó bá ń dún lásán, kì bá tí ì dákẹ́. Ẹ gbé ìpè kẹrin, Mà. Ẹ̀yin náà lẹ gbé sílípáàsì rẹ̀ kúrò, kí Bàbá lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

Màdáámù tún ìborí rẹ̀ ṣe.

"Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí fún ọkọ mi. Nùréènì, ọmọ tó bí síta, ni mọ̀lẹ́bí fẹ́ fa ibí lé lọ́wọ́ lọ́la. Ó tún ń pè mí ní Màmá."

"Kí ló sọ nígbà tí ẹ gbé e?"

"Ó ní, 'Màmá, ẹ ṣeun.' Ó rò pé mo ń bọ̀ ni. Mo dúró síta ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbọ́ ọ títí eyín rẹ̀ fi ń gbá ara wọn tí ọ̀rọ̀ ò jáde mọ́. Mo wá padà wọlé lọ kọrin."

Wọ́n tú Suara sílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ní kó máa lọ sílé. Kò lọ.

"Nígbà tí mo ń tì í," ló bi Ìbídùn, "ṣé ó ti ń kanlẹ̀kùn?"

"Ariwo ẹ̀rọ ò lè jẹ́ kí ẹ gbọ́, Bàbá."

"Ohun tí mo bi yín kọ́ nìyẹn."