Orin Tó Bo Ohùn Ìyá

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá nǹkan jókòó lé, nítorí ìtàn tí mo gbé bọ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fẹsẹ̀ kan gbọ́. Ìtàn ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí oyin níbẹ̀. Ìfẹ́ tí mo fẹ́ ròyìn, ewúro ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń ta gìtá. Okùn Mẹ́fà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bí ọkùnrin yìí bá fẹ́ gbé orin tuntun jáde, orin àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ wá kiri: orin àwọn ọmọdé tó ń ṣeré, orin àwọn tó ń ru ẹrù, orin arúgbó tó ń gbá ilẹ̀. Yóò máa gbọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ ọ́ lára bí èéfín ṣe ń wọ aṣọ.

"Orin ló ń bí orin," ló máa ń wí. "Ẹni tó bá ní òun dá orin òun ṣe, kó lọ bi ìyá rẹ̀ léèrè bóyá kò kọrin fún un rí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan, ló bá gbọ́ ohùn tó ń bá ẹsẹ̀ maṣíìnì rìn. Bí ẹsẹ̀ bá yára, orin á yára. Bí aṣọ bá dé ibi ọrùn, tó gba sùúrù, orin náà á rọra. Okùn Mẹ́fà dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀.

"Ẹ ǹ lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, orin wo lẹ ń kọ yẹn?"

Ọmọbìnrin tó ń ránṣọ níbẹ̀ ò gbójú sókè. "Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán, àbí orin lẹ wá wọ̀n?"

"Orin náà ni. Bó bá bá mi mu, màá wọ̀ ọ́ lọ sílé."

"Ó ti lólúwa. Ìyá mi ló ṣe é, kó tó kú. Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Okùn Mẹ́fà, àbí?"

"Èmi náà ni."

"Okùn yín ti nípọn jù fún abẹ́rẹ́ mi. Ẹ máa lọ."

Ó lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gbé ṣòkòtò tí kò ya wá, ó ní kí wọ́n bá òun rán an. Ọmọbìnrin náà yẹ ṣòkòtò wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Níbo ló ti ya?" Ó ní, "Kò tíì ya. Mo ní kí n tètè gba àyè sílẹ̀ ni." Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé ọkùnrin tó bá ti pa obìnrin lẹ́rìn-ín, kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, ó ti wọ pálọ̀.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Okùn Mẹ́fà ń pe aránṣọ ní Abẹ́rẹ́ Mi.

"Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀," ló máa ń sọ fún un.

"Kí okùn má ṣáà ti fa aṣọ ya, ayọ̀ mi," ni ọmọbìnrin náà á fi dá a lóhùn.

Káfíńtà ni bàbá aránṣọ, ọkùnrin tó ń wọn ọ̀rọ̀ kó tó gé e. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń bá a gbé, ẹnu tìyẹn sì mú ju ayùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Nígbà tó gbọ́ pé olórin ni ọkọ tí ọmọ fẹ́ mú wálé, ó pàtẹ́wọ́.

"Wọ́n ní kó o wá ọkọ, o lọ wá ariwo."

"Ẹ̀yin àǹtí náà, ẹ ò tíì rí i."

"Mo ti gbọ́ ọ. Ṣé a tún ń wo ariwo lójú ni?"

Káfíńtà ní kí wọ́n jẹ́ kó wá. Nígbà tí Okùn Mẹ́fà dé, kò béèrè iṣẹ́ tàbí ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Gìtá rẹ̀ tó sán níkùn ló gbà wò. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi okùn dì í, ó ní kó má fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbẹ. Okùn Mẹ́fà kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tó padà wá gbà á, káfíńtà tẹ igi náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni tó lè dúró de gọ́ọ̀mù," ó wí, "á lè dúró ti obìnrin."

Bí wọ́n ṣe gbà fún wọn nìyẹn. Ó ku ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì yóò pàdé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nígbà tí àìsàn dá ìyá aránṣọ dùbúlẹ̀, ó kọ orin yẹn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan. Aránṣọ náà, tó ṣì kéré nígbà yẹn, ló di bọ́tìnnì ẹ̀rọ mú fún un. *Bí o bá jí tí o ò rí mi, má wo ọ̀nà. Inú aṣọ tí mo rán fún ọ ni mo wà.* Ohùn rẹ̀ kan ṣoṣo tó kù láyé nìyẹn. Káfíńtà kò gbọ́ ọ rí láti ìgbà tó ti sin ín. Ó ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ọmọ yóò relé ọkọ. "Ìyá rẹ ni yóò sìn ọ́ jáde," ló máa ń wí.

Lásìkò náà gan-an ni orin gbẹ lọ́wọ́ Okùn Mẹ́fà. Àwọn tó fẹ́ bá a gbé àwo orin jáde ti ń retí rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan mú wá. Ó gbọ́ gbogbo orin tó mọ̀, kò sí èyí tó lóyún. Àánú rẹ̀ ṣe aránṣọ. Ó ṣí àpótí bàbá rẹ̀, ó mú kásẹ́ẹ̀tì náà lọ fún un.

"Òun nìkan la ní o. Gbọ́ ọ, kó o dá a padà kí bàbá mi tó wá a."

"Abẹ́rẹ́ Mi, bí ojú mi ni màá ṣe ṣọ́ ọ."

"Ojú a máa sùn o."

Okùn Mẹ́fà gbọ́ ọ láàárọ̀, ó gbọ́ ọ lọ́sàn-án, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó tún ti yí i padà síbẹ̀rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ sí i, ni orin tuntun bá já lù ú. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé orin tuntun dà bí ẹyẹ tó bà sójú fèrèsé: kó o tó wá àgò, ó ti fò. Ọwọ́ rẹ̀ kò wá kásẹ́ẹ̀tì òfìfo. Ìka rẹ̀ lọ sórí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì kọrin tó dùn jù láyé rẹ̀.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí òun tún gbọ́ ohùn ìyá náà, kí òun fi dúpẹ́. Ohùn ara rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ó ti bo tìyá mọ́lẹ̀.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Orin náà jáde, rédíò gbé e, àwọn ènìyàn ń jó. Ọjọ́ tí orin náà kọ́kọ́ dún dé ṣọ́ọ̀bù, aránṣọ fi maṣíìnì sílẹ̀, ó jó níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, olólùfẹ́ mi nìyẹn." Okùn Mẹ́fà wà níbẹ̀. Ó ń wò ó, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Káfíńtà náà gbọ́ ọ. Ó gbé ayùn kalẹ̀. "Orin yìí jọ ẹnì kan tí mo mọ̀," ó wí, ó sì lọ ṣí àpótí. Kásẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀, ló bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè.

Láti ọjọ́ náà ni aránṣọ ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Okùn Mẹ́fà. Lónìí, á ní ó wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Lọ́la, á ní wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù tí òun fi í sí. Ìgbà tó sú u, ó lọ bá a nínú yàrá rẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ de kásẹ́ẹ̀tì náà. Ọwọ́ náà ló fa òótọ́ jáde lẹ́nu Okùn Mẹ́fà.

"Ṣùgbọ́n mo mọ orin náà látòkè délẹ̀," ó wí. "Jẹ́ kí n kọ ọ́ fún ọ, ìfẹ́ mi."

"Kọ ọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò rìn jìnnà tí orin tirẹ̀ fi já wọ inú tìyá. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún já wọ ọ́. Aránṣọ náà lanu kó fọ̀nà hàn án. Orin inú rédíò ló jáde lẹ́nu òun náà. Ó fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀.

"Gbé kásẹ́ẹ̀tì náà," ó wí. "Ẹnu rẹ lo máa fi sọ fún bàbá mi."

Nínú pálọ̀, Okùn Mẹ́fà dọ̀bálẹ̀, ó sọ ọ́. Káfíńtà ní kí wọ́n fi í sẹ́rọ. Wọ́n gbọ́ gìtá, wọ́n gbọ́ Okùn Mẹ́fà tó ń kọrin dídùn. Orin náà parí. Ẹ̀rọ ń yí lọ lásán. Okùn Mẹ́fà na ọwọ́ kó pa á, káfíńtà ní, "Fi sílẹ̀."

Orin tuntun náà, tó jẹ́ ọmọ, kò gùn tó tìyá tó bò mọ́lẹ̀. Ohùn obìnrin kan jáde láti ìparí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó rẹ̀ ẹ́, ó ń mí sókè sódò:

"Ó tó, ọmọ mi. Pa á."

Aránṣọ na ọwọ́, ó tẹ bọ́tìnnì náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà lọ́mọdé.

Káfíńtà yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, ó kọjú sí Okùn Mẹ́fà. "Ọmọ mi, gìtá rẹ sán, mo lẹ̀ ẹ́. Èyí ò ní gọ́ọ̀mù. Mi ò lé ọ. Ọwọ́ ẹni tó mú un fún ọ ni ọ̀rọ̀ wà."

Aránṣọ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

"Abẹ́rẹ́ Mi, àṣìṣe ni. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Mo mọ̀. Ká ní o sọ fún mi lọ́jọ́ náà ni, à bá jọ sunkún, ẹkún náà á sì tán." Ó tún kọ́là ẹ̀wù Okùn Mẹ́fà ṣe, bó ṣe máa ń ṣe. "Ṣùgbọ́n o jẹ́ kí n jó sí i. O dúró, o ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fẹ́ràn rẹ, olólùfẹ́ mi. Máa lọ."

Ó lọ. Wọ́n ní kò gbé orin mìíràn jáde mọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, èyí tó ti bọ́ ti bọ́. Wọ́n ṣì ń fi orin náà jó. Bó bá dún nítòsí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ẹsẹ̀ maṣíìnì á dúró títí yóò fi kọjá. Òun fúnra rẹ̀ kì í kọrin sí iṣẹ́ mọ́.

Àbúrò káfíńtà, ìyá ẹlẹ́nu ayùn yẹn, tó jókòó ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, ló sọ ọ́ fún mi, kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀fẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun a máa gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, á wá ìparí rẹ̀ rí, á gbọ́ ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn, á sì pa á, bí aya rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ibi tí ìyá ẹlẹ́nu ayùn bá ìtàn náà dé nìyẹn, ibẹ̀ lèmi náà bá a dé.