Ẹnu Ni Ojú Ẹ̀rọ Náà

Ọwọ́ obìnrin kan ni Uwais kọ́kọ́ rí. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ìgò jẹ́ẹ̀lì kan bí ẹni bo òròmọdìẹ, kí ó lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó tó kan ẹ̀yìn ìyá arúgbó tó dojú bolẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Kí òtútù rẹ̀ má baà já yín láyà, Màmá," ni obìnrin náà wí.

Uwais, tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan ní Òmù-Àrán, tó so apá ọ̀tún kọ́rùn, gbàgbé pé èjìká ń dun òun.

Àgbẹ̀ oníṣu ni, ará Èsìẹ́. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lọ́nà Agbamu. Egungun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n oṣù méjì ti kọjá, kò tíì lè gbé ọwọ́ ré kọjá etí.

Husnah ni orúkọ obìnrin náà, ọmọ Rore, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ títọ́jú iṣan àti oríkèé ara. Nígbà tó kan Uwais, ó da jẹ́ẹ̀lì sí i léjìká, ó sì ń yí orí ẹ̀rọ kékeré kan po lórí rẹ̀, láìdúró lójú kan.

"Dókítà, ṣé kì í ṣe èyí ni wọ́n fi ń wo oyún?"

"Oṣù mélòó ni tiyín?" Husnah rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ń wo inú ni. Tiwa yìí ń rán ìró tí etí kì í gbọ́ wọ inú iṣan, kí ara líle lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kò lójú o. Ẹnu yín ni ojú rẹ̀. Bó bá gbóná jù, tàbí tó dùn yín, ẹ tètè sọ."

Uwais ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìrora náà wọ̀ ọ́ dé egungun, kò sì sọ̀rọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ nílé wọn pé ọkùnrin kì í ké. Ṣé iwájú obìnrin tó wù ú ni yóò ti wá ké? Ó di eyín mọ́ eyín. Òógùn ló tú àṣírí rẹ̀.

"Ṣé kò dùn yín?"

"Ó tutù bí omi odò."

Husnah pa ẹ̀rọ. "Ẹ ń parọ́ fún mi. Bí mo bá jó yín lára ńkọ́? Ẹ lọ wá ẹlòmíràn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí mi bí ọ̀lẹ ni."

Ojú Husnah rọ̀. "Ẹni tó sọ ibi tó ń dùn ún kì í ṣe ọ̀lẹ." Ó dín agbára ẹ̀rọ náà kù.

Nígbà tí ìtọ́jú ọjọ́ náà parí, ó ní kí Uwais máa fi ìka gun ògiri díẹ̀díẹ̀ lọ sókè lójoojúmọ́, kí èjìká lè máa nà. Ní ìrọ̀lẹ́, Uwais a pè é lórí fóònù: "Ìka mi ti dé ibi aago ara ògiri."

"Àbí ẹ ti gbé aago náà wálẹ̀ ni?"

Báyìí ni ẹ̀rín di ìfẹ́. Kò pẹ́ tí "ẹ̀yin" fi di "ìwọ."

Ṣùgbọ́n Baba Àfísù, bàbá Husnah, kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu. "Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ mi yóò wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ ebè mi, òun ni yóò sì ṣíwájú wọn."

"Èjìká rẹ kò tíì gba ọkọ́," ni Husnah wí.

"Bí n kò bá kọ ọ́, mo pàdánù rẹ nìyẹn, olólùfẹ́ mi."

"Mi ò fẹ́ ọkọ tí yóò fi apá rẹ̀ rà mí."

Síbẹ̀, Uwais lọ. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lawrence, àti ọkùnrin mẹ́jọ mìíràn dé oko ní Rore kí oòrùn tó gbóná. Baba jókòó sórí gbòǹgbò igi kan, ó ń wò wọ́n. Uwais gbé ọkọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, iná là á léjìká. Ó wo Husnah, tó gbé omi dé.

Uwais gbé ọkọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Baba, ó ń dùn mí. Èjìká yìí kò tíì jinná. Bí mo bá parọ́ fún yín lórí ebè lónìí, irọ́ náà ni n ó máa pa fún ọmọ yín nínú ilé."

Lawrence fọwọ́ bo ẹnu.

Baba fẹ́ dìde, ni orúnkún bá dá a padà. Husnah sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Kò sí nǹ—" ni Baba bẹ̀rẹ̀, bó ti máa ń wí. Ó wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó ń dun èmi náà," ni ó wí. "Ọdún kẹta rèé."

Omi bọ́ lójú Husnah. Ọdún mẹ́ta ló fi ń bi í nípa orúnkún náà.

"Ẹ̀yin tára yín le, ẹ kọ ebè yẹn. Ìwọ, dìde, fi ọwọ́ òsì rẹ mú mi délé, kí á lọ dá ọjọ́ yìgì."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà ní Òmù-Àrán. Husnah fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìgò jẹ́ẹ̀lì títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Baba, bó bá gbóná, ẹ sọ o," ni Uwais wí.

"Ta ló bi ọ́ léèrè," ni Baba dáhùn, "àna mi?"