Ohùn Màmá Lẹ́nu Ìlẹ̀kùn

Ìlẹ̀kùn agbóhùn ni wọ́n fi ń yangàn ní Òkè-Ìràwọ̀, ìlú tí àwọn Yorùbá tẹ̀ dó sórí òṣùpá. Kò ní kọ́kọ́rọ́, kò ní ìdábùú. Bí onílé bá ti sọ̀rọ̀, ó ti ṣí. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Ìbídùnní ló ṣe é, obìnrin tí kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ìfura loògùn àgbà, a máa ń wí. Nílé yìí, ọmọ ló ń lo oògùn náà, ìyá ò tiẹ̀ fẹ́ gbóòórùn rẹ̀.

Lárààárọ̀, Màmá, ìyá Ìbídùnní, á jókòó síwájú ojú-àfihàn, ẹ̀rọ tó ń gbé ìrísí àti ohùn ènìyàn lọ síbi gbogbo. Àwọn ẹbí tó kù sí ayé á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, Màmá á sì máa kì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wù ú lè wọlé wá wòran lójú ẹ̀rọ náà. Àyọ̀ká, ọmọ ọdún méje tí Ìbídùnní bí, ni Màmá máa ń kì gbẹ̀yìn.

“Àyọ̀ká, ọmọ abomi-tútù-fálejò, ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-kálejò-tó-kàn-án!”

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀. Ó ní Láyípò lòun, ọmọ àbúrò Màmá tó wà ní Ìséyìn. Ojú Láyípò ló sì ní. Ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ jù. Lónìí, “Màmá, ẹ tún Àyọ̀ká kì, ẹ kì í délẹ̀.” Lọ́la, “Màmá, ta ló máa ń wà nílé pẹ̀lú ẹ̀ lọ́sàn-án?”

“Màmá, ẹ má dá a lóhùn mọ́,” ni Ìbídùnní wí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

“Kí ló ṣe fún ọ?”

“Ọ̀rọ̀ láti ayé máa ń falẹ̀ díẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tiẹ̀ kì í falẹ̀. Ẹ ò tíì ṣẹ̀fẹ̀ tán tó ti ń rẹ́rìn-ín.”

“Ọmọ tó yá lẹ́nu ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Ìbídùnní. Mo rí ojú ẹ̀, ojú bàbá ẹ̀ náà ni.”

“Wọ́n ń fi ẹ̀rọ rọ ojú báyìí, Màmá.”

“Ṣé kí ọmọ dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí n máa wò ó níran? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé nìyẹn?”

Ó yẹ kí Ìbídùnní pa ẹ̀rọ náà. Kò pa á, nítorí ojú ń tì í láti já ìyá rẹ̀ kulẹ̀ níwájú ẹbí. Ó ní òun á wádìí ọ̀rọ̀ náà níbi iṣẹ́. Inú ń bí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí sí i títí dòní.

Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti rí òtítọ́. Ohùn “Láyípò” kò ti ayé wá rárá. Òpópónà kẹta sí ilé wọn ló ti ń sọ̀rọ̀. Ìbídùnní ju iṣẹ́ sílẹ̀, ó sáré. Ó bá ìlẹ̀kùn ní ṣíṣí gbayawu, Àyọ̀ká kò sí nínú ilé. Màmá wà ní ọgbà ẹ̀fọ́, bí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ayé láàárọ̀.

Ìlẹ̀kùn náà máa ń fi gbogbo ohun tó bá gbọ́ pamọ́. Ìbídùnní ní kó tún un sọ. Ohùn Màmá ló jáde, ó dùn, kò lábùkù kankan: “Àyọ̀ká, ọmọ a-ṣílẹ̀kùn-kálejò-tó-kàn-án, jáde wá.” Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń sáré jáde tayọ̀tayọ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wá a. Àwọn ẹ̀ṣọ́ bá a nínú yàrá ẹrù ní èbúté ọkọ̀ òfuurufú, pẹ̀lú ọkùnrin kan tí ẹbí kò mọ̀ rí, ẹni tó fi ẹ̀rọ rọ ojú Láyípò àti ohùn Màmá. Ọmọ náà wà láàyè, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Láyípò gidi tó wà ní Ìséyìn sọ pé ó ti pé ọdún méjì tí òun ti fojú kan Màmá kẹ́yìn.

Ìbídùnní tú ẹ̀rọ agbóhùn náà kúrò, ó sì fi ìdábùú irin sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ní ọjọ́ keje lẹ́yìn tí wọ́n rí Àyọ̀ká, Màmá dúró níta, ó kan ìlẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì ọmọ ọmọ rẹ̀. Gbogbo ìfẹ́ tó wà nínú rẹ̀ ló kó sínú oríkì náà. Àyọ̀ká fi igbe ta, ó kó sábẹ́ ibùsùn.

“Èmi ni, Àyọ̀ká. Màmá ẹ ni.”

Láti abẹ́ ibùsùn ni ọmọ náà ti fọhùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí i.

“Tí ẹ bá jẹ́ Màmá mi lóòótọ́, ẹ dákẹ́.”

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Omijé ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀, kò sì gbin pínkín, títí ó fi gbọ́ tí ọmọ náà ń yọ ìdábùú.