Ìlà Mẹ́ta Tí Asiyah Fò

"Ẹ rọra, Bùrọ̀dá Mashood! Ilẹ̀ kọ́ lẹ ń gbá."

Mashood dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Tíṣà, ta ló ra ẹ̀rọ, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á. Èmi ni mo ka ìwé rẹ̀."

Báyìí ni àwọn méjèèjì ń ta ara wọn lẹ́nu ní ẹ̀yìn ilé ìyá àgbà wọn ní Ìkòyí-Ilé, ní ọ̀sán Sátidé kan tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ń ta bí ata. Asiyah wà ní ọdún tó ṣáájú àṣekágbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mashood, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, a máa ra irin àlòkù tà ní ìlú Ọ̀yọ́. Òun ló gbé ẹ̀rọ awárin náà wá. Ọ̀pá gígùn kan ni, tí àwo róbótó wà ní ìdí rẹ̀, tí àpótí kékeré oníbọ́tìnnì sì wà lókè. Bí àwo náà bá kọjá lórí irin tàbí wúrà tó wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ á ké.

Láti òwúrọ̀, kò tíì rí ju agolo, ìṣó àti ọkọ́ kan tí kò ní èèkù lọ, kò sì sí èyí tó jìn ju ìka ọwọ́ lọ nínú wọn. Inú ti ń bí Mashood. "Wọ́n lù mí ní jìbìtì," ni ó wí. "Ẹ̀rọ yìí dití."

"Kò dití. A kò tíì ṣètò rẹ̀ bó ṣe yẹ ni."

Asiyah jókòó sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ṣí ìwé náà. Ohun mẹ́ta ni ó ṣe. Ó kọ́kọ́ ń gbé àwo náà sókè sódò lórí ilẹ̀ pupa oníyangí náà títí ara ẹ̀rọ fi mọ ilẹ̀, tí kò ké lásán mọ́. Lẹ́yìn náà ó mú kí etí rẹ̀ mú sí i. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wótòwótò bí ẹni tó ń sùn tó ń sọ̀rọ̀, ó dín in kù díẹ̀. Ìkẹta ló wúwo jù. Bọ́tìnnì kan wà tó ń mú kí ẹ̀rọ kọ etí ikún sí ìṣó àti irin lásán, kí ó má baà ké àfi sí ohun iyebíye. Ṣùgbọ́n àṣàyàn yìí ni kì í jẹ́ kí ó gbọ́ ohun tó jìn. Asiyah pa á.

Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ìlà mẹ́ta kan wà. Wọ́n ní bí a bá ti pa àṣàyàn, ẹ̀rọ kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì mọ́: irin ńlá tó jìn lè ké bíi wúrà kékeré tó wà nítòsí. Wọ́n ní kí a wọ̀n ọ́n láti ọ̀nà mẹ́rin kí a tó gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní bí igbe náà bá fẹ̀ bí ẹní, kí a má gbẹ́ ẹ rárá kí a tó mọ ohun tí ó jẹ́.

Asiyah fi ojú kà á. Kò fi ẹnu kà á. Ó ti mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ń lọ.

Igi pèrègún mẹ́rin ló wà ní igun ẹ̀yìn ilé náà. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ọkọ́ kan ibẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé nítorí kí ni, á ní, "Èèwọ̀ ni," á sì pa ẹnu dé bí ìgbín. Gbogbo ọmọ ilé ló sì mọ̀ pé bàbá àgbà wọn ti gbé Gánà rí, ilẹ̀ wúrà, kó tó wá ra lọ́rì sílé. Ta ló ń fi èèwọ̀ ṣọ́ ilẹ̀ lásán? Ìyá Asiyah sì ti sọ ọ́ láṣetán pé bó bá jáde ìwé, ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni yóò lọ, nítorí kò sí agbára yunifásítì. Ọkàn Asiyah kò sí lára abẹ́rẹ́. Ìmọ̀ ohun abẹ́ ilẹ̀ ló ń wù ú.

"Ìyá Àgbà kò ní ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé kó tó di ìrọ̀lẹ́," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká dé ìdí pèrègún."

Ìdí pèrègún ni ẹ̀rọ náà ti ké. Kì í ṣe igbe agolo. Igbe jẹ́jẹ́ ni, tó ń ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ bọ̀ bí ohùn ẹni tó wà nínú yàrá. Asiyah ń fa àwo náà lọ díẹ̀díẹ̀, igbe náà kò dá. Láti pèrègún kan dé èkejì, kò dá. Ó fẹ̀ bí ẹní.

"Ó pọ̀ tó báyìí?" ni Mashood bi í. "Kí ni ìwé wí nípa igbe tó fẹ̀ báyìí?"

Asiyah pa ìwé náà dé. "Kò wí nǹkan kan."

Mashood bọ́ ẹ̀wù, ó gbé dígà. Nígbà tí ihò dé ìbàdí rẹ̀, dígà bá irin: gbàǹgàn! "Àpótí ni!" ni ó kígbe. "Asiyah, o ti di ọmọ yunifásítì!" Ó tún gbé dígà sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Irin tó ti dípẹtà là sí méjì. Ilẹ̀ ya ẹnu. Mashood wọlé lọ tòun ti igbe rẹ̀.

Asiyah tẹ̀ síwájú. Ibi tí Mashood dúró sí lẹ́ẹ̀kan, ihò dúdú ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló ń ké, ó ń ké, kò dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan wá láti ìsàlẹ̀, ó rẹlẹ̀ bí ti ọmọ ọwọ́: "Asiyah... ẹsẹ̀ mi o."

Ó ju ẹ̀rọ nù, ó sáré lọ sí òdìkejì ọ̀nà, sílé Bàbá Mátíù, agbẹ́kànga. Àgbàlagbà náà kó okùn, ó kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, wọ́n sáré wá. Bí ó ti rí pèrègún, ó ká ọwọ́ lérí.

"Jésù, ṣàánú! Ta ló ní kí ẹ débí? Ìyá Israfil ńkọ́?"

"Ta ni Ìyá Israfil, Bàbá?"

"Ìyá àgbà yín mà ni!"

Asiyah mi orí. Ìyá Mùílì ni gbogbo ayé ń pe Ìyá Àgbà. Mùílì, bàbá Mashood, ni àkọ́bí rẹ̀. Kò sí Israfil kankan nínú ilé wọn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń so okùn mọ́ ìdí láti sọ̀ kalẹ̀. Bàbá Mátíù fà á sẹ́yìn. "Ṣé o fẹ́ kú ni? Kànga tí a dé láti àádọ́ta ọdún! Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a máa pani." Ó tan fìtílà, ó so ó mọ́ okùn, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn tẹ̀ lé iná náà. Iná tẹ̀, ó di hóró àgbàdo, ó kú.

Wọ́n gé ẹ̀ka dóńgóyárò, wọ́n so ó mọ́ okùn, wọ́n ń jù ú sókè sódò nínú kànga kí afẹ́fẹ́ lè yí. Asiyah dojúbolẹ̀ ní etí ihò, ó ń pe Mashood. Ó jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, kò jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ bá a! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́!"

"Dákẹ́, ọmọ. A kì í fi òkú wá alààyè."

Wọ́n tún sọ fìtílà kalẹ̀. Ó mì, ó dúró. Bàbá Mátíù fúnra rẹ̀ ló wọlé. Nígbà tí wọ́n fa Mashood jáde, ẹrẹ̀ ti bo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń lọ sódò.

Ìgbà náà ni ọ̀kadà gbé Ìyá Àgbà dé. Ẹrù ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Kò kọ́kọ́ wo Mashood. Kànga ni ó wò.

"Ó tún ti gbé òmíràn?"

"Kò gbé e o, Ìyá Israfil," ni Bàbá Mátíù dá a lóhùn. "Ó ń mí."

Obìnrin náà jókòó sórí ebè yẹ̀pẹ̀. "Israfil ni àkọ́bí mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ó bọ́ sínú kànga yìí. Mátíù yìí, tó ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, ló gbé òkú rẹ̀ jáde. Bàbá àgbà yín tú irin tó bo ẹ́ńjìnnì lọ́rì rẹ̀, ó fi dé e, ó kó yẹ̀pẹ̀ lé e, ó ní a kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́. Mo rò pé èèwọ̀ tó láti ṣọ́ yín."

Asiyah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá Àgbà, ìwé ẹ̀rọ náà kìlọ̀. Mo rí i. Bùrọ̀dá bi mí, mo purọ́."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ìwọ fi ìlà mẹ́ta pamọ́," ni ó wí. "Èmi fi odidi ọmọ pamọ́. Dìde."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti kó òkúta kún kànga náà. Ìyá Àgbà kó gbogbo ọmọ ilé jọ sí ìdí pèrègún, ó sì dárúkọ Israfil sí wọn létí. Asiyah ló sì ń tọ́jú Mashood ní ilé-ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní gbogbo àkókò ọlidé, níbi tí wọ́n ti fi símẹ́ńtì funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òun náà ti mọ̀ dájú pé òtítọ́ tí a fo apá kan rẹ̀ lè gbẹ́ ihò tó jìn ju irọ́ lọ; pé abèèrè kì í ṣìnà, àfi bí ẹni tí a bi bá fi ọ̀nà pamọ́.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n dé ilé-ìwòsàn, ó mú ìwé náà jáde nínú báàgì, ó ka ìlà mẹ́ta náà sókè. Mashood gbé orí sókè.

"Ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ó wà níbẹ̀."

Mashood kọjú sí ògiri. Kò yí padà.

"Tún un kà," ni ó wí. "Láti òkè."

Asiyah tún un kà. Kò fo ìlà kankan.