Arábìnrin Tí N Kò Rán

"Ẹ ṣé gan-an tí ẹ rán arábìnrin yẹn sí mi." Ohun tí Victoire kọ́kọ́ sọ nìyí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Akparé. N kò sì rán ẹnikẹ́ni sí i.

Èmi Antoinette ni mò ń bójú tó ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ní kòkòrò HIV ní Atakpamé. Bí ẹnì kan bá ṣíwọ́ oògùn lílò, èmi ni mo máa ń lọ bá a sọ̀rọ̀. Victoire ti ṣíwọ́. Ẹ̀rù ń bà á kí ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ má lọ rí ike oògùn náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ojú rẹ̀ ń dán, ẹran ara rẹ̀ ti ń padà bọ̀.

"Irú èèyàn wo ni?"

"Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, Tantie. Bí Màmá àgbà bá ti lọ oko láàárọ̀ ló máa ń wá. Á bu omi fún mi, á sì jókòó tì mí títí n ó fi gbé oògùn mì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń tutù."

Mo fi fọ́tò ẹgbẹ́ wa tó ti pẹ́ hàn án lórí fóònù mi. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Òun nìyí."

Bérénice ni. Wọ́n sọ fún un ní ilé àdúrà kan pé ara rẹ̀ ti dá, ló bá da oògùn rẹ̀ nù. A ti sin ín sí Notsé kí Victoire tó mọ̀ wá rárá.

N kò sọ fún un. Mo kàn béèrè bóyá yóò tún wá.

"Ó ti dágbére lánàá. Ó ní mo ti lè dá a ṣe, pé ọ̀dọ̀ Roméo ló kàn, ní Datcha."

Roméo ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ wa ni. Ó ti fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé òun ń lo tirẹ̀ déédéé. Mo gun alùpùpù zémìjàn lọ bá a. Orí ẹní ni mo bá a, ètè rẹ̀ gbẹ, ike oògùn rẹ̀ wà nílẹ̀, kò tíì ṣí i.

"Ó ti sú mi, Tantie. Lójoojúmọ́, títí ayé?"

"Jẹ́ ká lo tòní ná," ni mo wí. Mo jókòó sórí àga gbọọrọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Tó bá di ọ̀la, ká sọ tọ̀la."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e mì. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè, ó wo ẹ̀yìn mi, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

"Ẹ sún díẹ̀, Tantie," ló rọra wí, "kí arábìnrin tí ẹ jọ wá ráàyè jókòó."

Mo sún.